Ẹni Tó Juwọ́ sí Àǹtí Alákàn

Ọ̀sán gangan. Gbogbo abúlé ti lọ sóko.

Ìgbà yìí ni ìdákẹ́jẹ́ máa ń wọlé, kì í sì í wọlé bí àlejò. Ó mọ ibi tí ìjókòó wà. Á jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan, á na ẹsẹ̀, á máa wo eruku bó ṣe ń tòògbé lójú ọ̀nà. Ohùn kan ṣoṣo ló kù: ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní àsọtúnsọ, lójú fèrèsé ilé tó kángun sí ọ̀nà àbájáde.

Obìnrin tó jókòó nídìí ẹ̀rọ náà ni wọ́n ń pè ní Àǹtí Alákàn.

Orúkọ yẹn ní ìtàn méjì, kí oníkálukú mú èyí tó bá wù ú. Àwọn kan ní torí ìrìn rẹ̀ ni. Ó já bọ́ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù nígbà tó wà lọ́mọdé, eegun ìbàdí rẹ̀ kò sì tò padà bó ṣe yẹ, ẹ̀gbẹ́ kan ló fi ń rìn láti ìgbà náà. Àwọn kan ní torí ojú rẹ̀ ni, nítorí ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Òun fúnra rẹ̀ kì í bá wọn jà sí i. "Ẹ máa pè mí bó ṣe wù yín," ni yóò wí, "ẹ ṣáà má fi mí se ọbẹ̀."

Ní abúlé yẹn, ẹrẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ èèyàn ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ẹni tó bá ti oko dé á fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ níta, lójú gbogbo ayé, láìkánjú. Ẹsẹ̀ Alákàn máa ń mọ́ láti àárọ̀ di alẹ́, ẹsẹ̀ mímọ́ kì í sì í ṣe ohun ìyangàn níbẹ̀. Àbúrò ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ aránṣọ, kí àìríkan-ṣe má baà jẹ ẹ́ tán. Ó kọ́ ọ dáadáa. Síbẹ̀, láàárọ̀, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń kọjá pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí ẹ̀rín wọn ń jìnnà díẹ̀díẹ̀, ó máa ń ṣe é bíi pé omi ń gbé gbogbo ayé lọ, òun nìkan ló há sórí òkúta.

Títí di àárọ̀ ọjọ́ kan. Obìnrin kan tó ń lọ sóko dúró lójú fèrèsé.

"Àǹtí, ẹ bá mi mú kọ́kọ́rọ́ yìí dání. Ó máa ń bọ́ sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ lóko."

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà mú aládùúgbò rẹ̀ dání. Nígbà tó yá, Alákàn kan ìṣó mọ́ ògiri. Ó kan òmíràn, ó tún kan òmíràn. Ìdí kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan ló so àjákù aṣọ mọ́: aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ rán fún onílé náà. Aláwọ̀ ewé tó ní àmì funfun, ti ìyá tó ń sin adìẹ nìyẹn. Pupa rẹ́súrẹ́sú, ti olórí abúlé. Kò nílò kí ó kọ orúkọ kankan. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé, gbogbo ògiri á mì lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo abúlé á mì lẹ́yìn rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Báyìí ni abúlé ṣe ń ṣọ́ ara rẹ̀. Kò sí ọlọ́dẹ, kò sí ajá ńlá. Odò yí ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ wọn ká. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ṣófo lè là á kọjá kí ṣòkòtò rẹ̀ kàn tutù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ru ohun tó wúwo, ojú fèrèsé Alákàn ló gbọ́dọ̀ gbà jáde. Àwọn ará oko á sì fọkàn balẹ̀. "Alákàn wà ńlé," ni wọn yóò wí, wọn yóò sì tẹ̀ síwájú láti máa ro ebè wọn.

Ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé ó fi pamọ́. Kò kà á sí ohun tó yẹ kí èèyàn sọ ni.

Lọ́sàn-án, bí oòrùn bá ti mú, ìmọ́lẹ̀ máa ń gba ojú lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Wọn á máa bọ̀ láti ọ̀ọ́kán, wọn á máa mì bí ohun tó wà nísàlẹ̀ omi, láìní imú, láìní ẹnu. Aṣọ nìkan ló máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìyingin. Aṣọ ló sì mọ̀. Ó mọ ibi tí òwú ti tú, ó mọ bọ́tìnnì tí kò bá ìyókù mu. Aṣọ á kọjá, òun á juwọ́, aṣọ á juwọ́ padà. Ó ti pẹ́ tó ti ń rí bẹ́ẹ̀.

*

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ọ̀gbẹlẹ̀ tètè dé, òkìkí olè sì tẹ̀ lé e. Ní abúlé kan, wọ́n kó ewúrẹ́ lọ. Ní òmíràn, wọ́n tú pátákó sólà kúrò lórí òrùlé, bí ẹni tú ìdérí ìkòkò. Kì í sì í ṣe òru. Ọ̀sán ni, nígbà tí ilé dá.

Ọlọ́pàá kan gun alùpùpù wá láti ìlú láti kìlọ̀ fún wọn. Ọkùnrin jẹ́jẹ́, òógùn bo ọrùn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn. Ó ní kí wọ́n fi ojú sí àwọn àlejò. Nígbà tó ń lọ, ó bẹjú wo inú fèrèsé, ó rí ògiri kọ́kọ́rọ́ yẹn, ó sì dúró sójú kan.

"Mọ́mì, ẹ̀yin nìkan lẹ ń ṣọ́ gbogbo èyí?"

Àbúrò Alákàn ló dá a lóhùn, obìnrin oko kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọkọ́ rẹ̀ lọ, tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń gbé. "Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ má fi ẹ̀gbọ́n mi ṣeré o. Eṣinṣin tó bá fẹ́ kọjá níbí, á kọ́kọ́ kí i."

Ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín. Alákàn náà rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó rán etí aṣọ kan ní ìlọ́po méjì, ó sì ní láti tú u.

*

Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, kọ́tìnnì funfun ló wà lórí ẹ̀rọ. Ó gùn. Ó kún itan rẹ̀, ó ṣàn dé ilẹ̀, ó ká ara rẹ̀ jọ síbẹ̀ bí ìkùukùu tí iṣẹ́ ti sú. Kò sùn. Ó dá a lójú títí di òní pé òun kò sùn. Ó kàn wà ní ibi kan láàrin oorun àti ìjí, níbi tí ẹsẹ̀ èèyàn ti ń tẹ ẹ̀rọ láìbi orí léèrè.

Ẹnì kan ń bọ̀ láti apá odò.

Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú. Aṣọ mìíràn tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ní èjìká òsì, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Káfíńtà. Alákàn fúnra rẹ̀ ló rán ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, òun ló tún un lẹ̀ nígbà tí pákó fà á ya. Káfíńtà ń ti bárò tí gbogbo abúlé fi ń kó ẹ̀fọ́, ó fi àpò bo ohun tó wà nínú rẹ̀. Táyà bárò ń dún, ó ń ké tín-ín-tín-ín. Ìmọ́lẹ̀ yí i ká.

Alákàn gbé ọwọ́ sókè.

Ọkùnrin náà dúró díẹ̀. Díẹ̀ báyìí. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè, ó rọra jù ú, bí ẹni tó ń juwọ́ sí ọmọ tó ń sùn. Ó sì kọjá.

*

Igbe sọ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fa omi láti odò lọ sí oko ẹ̀fọ́ ti pòórá. Ẹ̀rọ tí gbogbo wọn jọ dáwó rà ni. Páìpù rẹ̀ nìkan ló kù, ó la ẹnu sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Wọ́n rọ́ wá síwájú fèrèsé. Ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Olórí abúlé ló ṣáájú, àgbàlagbà tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè.

"Alákàn. Ta ló kọjá lónìí?"

"Káfíńtà nìkan ni," ló wí. Ó sọ ọ́ bí ẹní sọ pé oòrùn mú. "Ó ń ti bárò."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó ti bọ́.

Káfíńtà wà lẹ́yìn èrò, eruku pákó funfun nínú irun rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Èmi kẹ̀? Èmi tí mo wà lókè lọ́hùn-ún láti àárọ̀, tí mò ń la igi?"

"Ta ló rí ọ níbẹ̀?" ni olórí abúlé bi í.

"Ta ni yóò rí mi? Èmi àti igi ni."

"Ẹ pe igi wá kó wá jẹ́rìí!" ni ẹnì kan kígbe. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ní eyín nínú.

Ìyàwó káfíńtà ja èrò kọjá. "Ẹ gbọ́ mi! Mo fọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn láàárọ̀, mo sá a sórí okùn lẹ́yìnkùlé, létí odò. Nígbà tí mo dé, mi ò bá a níbẹ̀. Wọ́n ti jí i!"

"Hẹ̀n-ẹn, wọ́n jí aṣọ, wọ́n jí ẹ̀rọ, kò sì sí olè," ni ọkùnrin kan fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ ò rí i pé ìdílé yìí ń jìyà."

Káfíńtà ò wo ẹni tó sọ̀rọ̀. Alákàn ló ń wò.

"Àǹtí. Èmi lẹ rí?"

"Ìwọ ni mo rí."

"Ojú mi lẹ rí?"

"Mo mọ̀ ọ́," ni Alákàn dáhùn.

Kì í ṣe ohun tó bi í nìyẹn. Káfíńtà gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ.

Olórí abúlé sọ̀rọ̀ ní ìparí. Ó ní kó tó di ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí káfíńtà gbé ẹ̀rọ padà. Bí kò bá gbé e, ọlọ́pàá yóò mú un lọ sí ìlú, kí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì wá ibòmíràn gbé. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ìyẹn ló mú kó wúwo.

*

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Wọ́n ń fi garawa pọnmi. Ewé tòmátì ká ara wọn bí ọwọ́ arúgbó. Ẹni tó gbé iṣẹ́ ìlẹ̀kùn fún káfíńtà wá gbé pákó rẹ̀ lọ, ó ní òun yí ọkàn padà. Àwọn ọmọ ẹlòmíràn ń fi bárò kọrin sí àwọn ọmọ rẹ̀.

Láàárọ̀ kan, ìyàwó káfíńtà na ọwọ́ wọlé lójú fèrèsé.

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mi."

"Ìyàwó..."

"Ẹ fún mi. Ẹni tó bá ń ṣọ́lé fún èèyàn kì í pe onílé lólè."

Alákàn tú u fún un. Ìṣó náà ṣófo lórí ògiri. Gbogbo ọjọ́ yẹn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀.

Àwọn obìnrin méjì tó ń gé koríko rí ṣẹ́ẹ̀tì náà nínú eèsún, létí títì ńlá tí ọkọ̀ ń gbà. Bárò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kíká ni wọ́n bá ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ìyẹn ni pé ẹni tó bọ́ ọ sílẹ̀ ká a, ó pa apá rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó gbé e lé orí òkúta, kí ẹrẹ̀ má baà bà á jẹ́.

"Káfíńtà ló jù ú síbẹ̀ kó lè rí nǹkan wí," ni àwọn èèyàn sọ.

Alákàn padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ń ronú nípa olè tó ń ká aṣọ. Irú ìyá wo ló tọ́ ọ? Ṣé ó ní ìyàwó tó ń bá a jà bí ó bá da aṣọ sílẹ̀? Ọwọ́ tó ká a yẹn náà ni ọwọ́ tó jù sí òun.

Ó wá ń rí i lọ́sàn-án. Ṣẹ́ẹ̀tì náà á máa bọ̀ lójú ọ̀nà, kò ní sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Á kún fún afẹ́fẹ́ díẹ̀, láyà, níkùn. Á dúró lójú fèrèsé. *Ìwọ lo rán mi,* ni yóò wí. *Ta ló wọ̀ mí?* Alákàn á ní, káfíńtà ni. Ṣẹ́ẹ̀tì kò ní bá a jiyàn. Á kàn yí ẹ̀yìn padà, á máa lọ, òun á sì máa wo ẹ̀yìn rẹ̀, etí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Etí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

Èjìká òsì káfíńtà rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Pákó ló tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá kàn wò ó kò ní mọ̀, àfi ẹni tó bá ti fi téèpù wọ̀n ọ́n. Torí ẹ̀ ló ṣe gé ẹ̀gbẹ́ òsì ṣẹ́ẹ̀tì náà kúrú, kí etí rẹ̀ lè gún bí ó bá wọ̀ ọ́. Ó máa ń gún. Bí omi inú abọ́.

Èyí tó kọjá lọ́jọ́ yẹn kò gún. Ẹ̀gbẹ́ òsì fà sókè, ó fi bèlíìtì hàn sí gbangba. Ó rí i. Ojú rẹ̀ rí i lọ́jọ́ náà gan-an. Ọkàn rẹ̀ ló sáré bá ojú sọ̀rọ̀ pé bárò ló fà á.

Èjìká ọkùnrin yẹn dọ́gba. Kì í ṣe ẹni tí òun mọ̀ rárá.

*

"Kì í ṣe òun," ló sọ fún àbúrò rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Àbúrò rẹ̀ ń bó ẹ̀wà. Kò gbé orí sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákẹ́."

"Aṣọ ni mo rí. Mi ò rí èèyàn."

"Mo ní ẹ dákẹ́ jọ̀ọ́." Ó ju ọwọ́ ẹ̀wà sílẹ̀. "Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n máa fi yín ṣe? Ẹ ò lè ro ebè. Ẹ ò lè pọnmi. Ojú yẹn nìkan ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún lára yín! Lọ́la, wọ́n á kó kọ́kọ́rọ́ wọn, wọ́n á wá pe yín ní afọ́jú. Èmi ni mo máa gbọ́ ọ lóko, ẹ̀yin kọ́."

Lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán, ó fi apá nu ojú. Ó ní eruku ẹ̀wà ni.

Alákàn jókòó tì í. Wọ́n jọ bó ẹ̀wà náà tán. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni àbúrò òun sọ. Ó tún mọ̀ pé káfíńtà ní ọmọ mẹ́ta, èyí tó kéré jù nínú wọn ò tíì lè sọ ọ̀rọ̀ já gaara, tí wọn yóò sì gbé e jáde kúrò nínú ilé tí wọ́n bí i sí nítorí ọ̀rọ̀ kan tí òun sọ láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ó rìn lọ fúnra rẹ̀. Wọn ò rí irú ẹ̀ rí. Yàrá ìpàdé wà lókè, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ gun òkè náà díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri ilé onílé. Nígbà tó fi máa dé, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọlọ́pàá ti dìde. Orí bẹ́ǹṣì tí káfíńtà kàn fún wọn ni gbogbo wọn jókòó lé láti dá ẹjọ́ rẹ̀. Òun nìkan ló dúró.

Orí yí padà.

"Àǹtí Alákàn? Ta ló wà lójú fèrèsé?"

"Kò sẹ́nì kankan," ló wí. Ó ń mí gúlegúle. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Kì í ṣe káfíńtà ni mo rí."

Ariwo ta. Olórí abúlé gbé ọwọ́ sókè títí ó fi rọlẹ̀. "Ṣé ìwọ kọ́ lo sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ?"

"Èmi ni. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni mo rí. Mo rò pé òun ló wà nínú rẹ̀."

Ó ṣàlàyé èjìká. Ó ṣàlàyé etí aṣọ. Bó ṣe ń ṣàlàyé, ó ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń tín-ín-rín lẹ́nu rẹ̀.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. "Etí aṣọ ló fẹ́ gba olè sílẹ̀!"

"Ẹ má gba ti etí aṣọ gbọ́," ni Alákàn wí. "Ẹ gba èyí gbọ́: mi ò rí ojú. Lọ́sàn-án, mi kì í rí ojú ẹnikẹ́ni láti ọ̀ọ́kán. Aṣọ yín ni mo fi ń dá yín mọ̀. Gbogbo yín. Ó ti pẹ́."

Yàrá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ọ̀sán yẹn náà ni, ó tẹ̀ lé e wá láti ilé. Oníkálukú ń rántí gbogbo ọjọ́ tó ti fọkàn balẹ̀ lóko.

"Ìyẹn ni pé," ni ìyá tó ń sin adìẹ sọ, jẹ́jẹ́, "bí ẹnikẹ́ni bá wọ aṣọ mi, ẹ máa gbé kọ́kọ́rọ́ mi fún un?"

Alákàn wo ilẹ̀. "Mo máa gbé e fún un. Mo tún máa kí i pé ó kú iṣẹ́."

Ọlọ́pàá rọra jókòó padà. Ó ní bí ẹlẹ́rìí bá ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò, kò sí ohun tí òun lè bá káfíńtà wí mọ́. Káfíńtà kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó fi fìlà rẹ̀ gbọn eruku lára bẹ́ǹṣì, bí ẹni tó fẹ́ gbé e lọ sílé, ó sì jáde.

*

Wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ wọn. Kì í ṣe tìjà tìjà. Àwọn kan tilẹ̀ wá àwáwí: ọmọ àwọn ń dé láti ìlú, àgádágodo àwọn ti dípẹtà. Olórí abúlé nìkan ló fi tirẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ẹ̀rọ omi ò padà wá, wọn ò sì mú ẹni tó gbé e. Ìdajì tòmátì kú. Wọ́n ra ẹ̀rọ mìíràn nígbà tó yá, wọ́n fi símẹ́ǹtì mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àbúrò Alákàn ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ní etí, etí kì í tàn án. Kí ó máa pe ẹni tó bá ń kọjá. Kí ẹni náà dúró, kó sọ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀, kó sì sọ ohun tó gbé. Ẹni tí kò bá dáhùn, kí Alákàn lu irin, kí gbogbo oko gbọ́. Wọ́n kùn, wọ́n gbà. Wọ́n gbé rìímù mọ́tò àlòkù kan kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n fi òòlù tì í.

Lákọ̀ọ́kọ́, eré ni wọ́n fi í ṣe.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Àǹtí, èmi tí ẹ rí láàárọ̀."

"Mi ò rí ẹnikẹ́ni láàárọ̀. Ta nìyẹn?"

Bàbá arúgbó kan dáhùn pé, "Ikú ni."

"Ikú, ẹ kú ọ̀sán. Kí lẹ gbé sínú àpò yẹn?"

"Àgbàdo."

"Ẹ kọjá."

Ọ̀sán kan, láàrin ooru, ẹnì kan yọ láti ọ̀ọ́kán. Ó ń mì. Alákàn pe ẹni náà. Kò dáhùn. Ó tún pè é. Ẹni náà dúró nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè díẹ̀, kò dé òkè, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí Alákàn fi máa mú òòlù, ojú ọ̀nà ti ṣófo. Ó lu irin. Wọ́n sáré dé, wọn ò bá nǹkan kan, kò sì sí ohun tó sọnù.

Káfíńtà kì í gba iwájú ilé Alákàn mọ́. Láti ọjọ́ ìpàdé ni. Odò ló ń là kọjá, ó ń gbé pákó lérí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, omi dé ìbàdí rẹ̀. Wọ́n ní kó yé ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun fẹ́ràn omi.

Òjò wá dé. Odò kún, ó ru, kò ṣeé là mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí gbogbo abúlé wà lábẹ́ àtíbàbà oko, Alákàn gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ìró ẹni tó ru ohun tó wúwo sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ti mọ̀ kó tó pè.

"Ta nìyẹn?"

Ẹsẹ̀ dúró. Kò sí ohùn.

"Ta nìyẹn?"

Òjò nìkan. Ó na ọwọ́ sí òòlù, ó mú un, ó wúwo. Bí ó bá lù ú, gbogbo oko á sáré wá bá káfíńtà lẹ́ẹ̀kejì. Bí kò bá lù ú, ọ̀nà yìí ti di ti ẹnikẹ́ni tó bá jọ ẹni tí òun mọ̀.

"Ẹ lù ú," ni ohùn kan wí láti inú òjò. "Kì í ṣe òní lẹ máa kọ́kọ́ pè mí lólè."

"Mi ò lè lù ú," ni Alákàn wí. "Mi ò sì lè jẹ́ kí o kọjá."

"Ẹ ti mọ ohùn mi."

"Mo ti mọ aṣọ rẹ náà rí."

Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Omi ń kán láti etí òrùlé, ó ń gbẹ́ ihò kékeré kékeré sílẹ̀. Alákàn kò gbé òòlù sílẹ̀, kò sì yọjú láti wò ó. Ó ń dúró de ẹnu rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, káfíńtà sọ orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ti iṣẹ́ ọwọ́. Èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni, gbogbo rẹ̀, àti ti bàbá náà lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ abúlé náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Alákàn pe orúkọ náà tẹ̀ lé e, ó rọra pè é, kó má baà ṣì í pè. "Kí lo gbé?"

"Pákó. Ó ti tutù."

"Gbé e wọlé títí òjò á fi dá."

Ó ṣe bíi pé kò ní gbà. Ìlẹ̀kùn wá ké, omi àti òórùn igi wọlé, ó gbé pákó náà ti ògiri ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jókòó sórí àpótí nítòsí ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí ìta. Alákàn gbé òòlù sílẹ̀, ó fa aṣọ tó ń rán mọ́ra, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀rọ.